Bọ́tìnnì Kan Ṣoṣo

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ilẹ̀ ti ṣú.
Bí oṣù Kejìlá ti rí nìyẹn lápá àríwá Finland níbí:
oòrùn a yọjú bí ẹni tó wá fọnná, kò ní jókòó.

Mo gbé kọfí kaná. Oiva, ọmọ ọmọ mi,
jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ẹ̀rọ géèmù rẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì ti sọnù.
"Ìyá àgbà, ẹ wá wò ó."
Ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn eré.

Nínú géèmù náà, òkùnkùn ń jẹ ilẹ̀ ọba kan
láti etí wá sí àárín, bí eku ṣe ń jẹ búrẹ́dì.
Àwọn àgbà oṣó méje ló rán an níṣẹ́
pé kó gbé fìtílà dé orí òkè, kí ìmọ́lẹ̀ lè padà.
Ọmọbìnrin kan ń bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, Mirelà,
tó máa ń ṣa òkúta wẹẹrẹ sápò,
tó máa ń béèrè ní gbogbo ìgbà pé, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?"
Oṣù méjì ni wọ́n fi jọ rìn.
Oiva ra bàtà fún un nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dé orí òkè. Fìtílà kò ní epo.
Àwọn oṣó yọ sí wọn, ojú wọn balẹ̀ bí ojú akọ̀wé báńkì:
"Ọmọ yẹn gan-an ni epo.
Ọjọ́ tí wọ́n bí i la ti mọ̀.
A ò sọ, kí ẹ̀rù má bàa bà á."
Bọ́tìnnì kan sì yọ. Kan ṣoṣo.
Tan fìtílà.
Kò sí Rárá. Kò sí Jẹ́ kí n bi í ná.

Oiva pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ó tún òkè gùn lẹ́ẹ̀mẹta;
bọ́tìnnì yẹn náà ló ń bá níbẹ̀.
"Ó lè gbà o, Ìyá àgbà. Aláàánú ni.
Ṣùgbọ́n wọn ò bi í."

Kọfí hó dà sórí sítóòfù. Mi ò dìde.

Ilé-iṣẹ́ pépà ni mo rántí, nígbà tí Armas ọkọ mi ṣì wà láyé.
Wọ́n pè wọ́n sí gbọ̀ngàn, wọ́n fún wọn ní kéèkì,
wọ́n ní kí wọ́n yọ̀ǹda ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù wọn
kí ilé-iṣẹ́ má bàa kú.
Armas ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ta ibẹ̀ tán, ìwé títà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀.
Ó rò pé òun ń mú ọrẹ wá ni;
àṣé òun gan-an ni ẹran.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí.
Ẹni tó bá fẹ́ kú fún mi, kó mọ̀ pé ikú ni,
kó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Bó bá wá dúró, n ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.
Láìsí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má pè é ní ìrúbọ:
ó ní orúkọ tó ń jẹ́ ní kóòtù.

Mi ò sọ pé òkùnkùn ò jẹ ilẹ̀ náà. Ó ń jẹ ẹ́.
Àwọn ọmọ mìíràn wà ní àfonífojì, mo rí iná fèrèsé wọn.

Ohun tí mi ò sọ fún Oiva nìyí:
èmi ni mo ń nu ọ́fíìsì ọ̀gá nígbà náà.
Mo rí ìwé yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ni Armas fọwọ́ sí i.
Mi ò sọ, kí ẹ̀rù má bàa bà á.
Ó sùn dáadáa lópin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Oiva kò tẹ bọ́tìnnì. Kò sì pa ẹ̀rọ. Ó lọ sùn.
Láàárín òru mo bá Mirelà lórí òkè,
ó ń yí ẹsẹ̀ padà nínú bàtà tuntun.
"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?" ló wí.
Mo jókòó sórí ẹní, mo pe orúkọ rẹ̀,
mo sì sọ fún un.